Sátidé ní Láfẹ́ńwá

Bàbá mi kò mú mi lọ wo rélùwéè rí.
Iṣẹ́ ni lójú tiẹ̀: ọdún mọ́kàndínlógún
ló fi ń ju àsíá sí ọkọ̀,
tí àwa ń dàgbà lẹ́yìn rẹ̀.

Lónìí, ó di Àwẹ̀ró lọ́wọ́ mú,
ọmọ ọdún mẹ́rin, bàtà òsì lẹ́sẹ̀ ọ̀tún.
Wọ́n jókòó sórí òkúta lẹ́bàá afárá,
wọ́n ń jẹ ẹ̀pà tí Ìyá Àgbà dì sínú bébà.

"Níbo ló ń lọ?"
"Ìbàdàn."
"Ta ló ń dúró dè é níbẹ̀?"
Bàbá ronú.
N kò rí i kó ronú bẹ́ẹ̀ rí nítorí ìbéèrè tèmi.
"Ìyá rẹ̀," ló wí.

Ọkọ̀ dé. Wọ́n ń ka ilé irin tó so kọ́ra,
oókan, eéjì, ẹẹ́ta…
Nígbà tó kan ẹẹ́jọ, bàbá kà á ṣì.
Ọmọ ní kó tún un kà.
Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín tó kù yọ síta.

Nílé, Ìyá Àgbà ń bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí báàfù,
ó ń kùn pé erùpẹ̀ ti ba aṣọ ọmọ jẹ́.
Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà,
bàtà kékeré méjì lọ́wọ́ mi.
N kò tètè mọ ẹni tí mò ń jowú.