Omi Nínú Aago

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti jókòó lẹ́nu ọ̀nà Wàndó,
tábìlì kan, àpótí kan,
awò kékeré kan tí mo ń há sójú ọ̀tún.
Ẹni tí òjò pa aago rẹ̀,
ẹni tí tirẹ̀ já sọ́sà níbi tó ti ń wọkọ̀,
ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń bá gbogbo wọn sọ:
bí o bá ti rí ìkùukùu lábẹ́ gíláàsì,
má wí fún mi pé ó ṣì ń rìn.
Jẹ́ kí n ṣí i lónìí. Omi kì í bá irin ṣọ̀rẹ́.

Mo wí bẹ́ẹ̀ fún Alájà Kúdíra.
Mo wí bẹ́ẹ̀ fún olùkọ́ tó ri aago bàbá rẹ̀ sínú ìrẹsì,
tó ń retí kí ìrẹsì mu omi rẹ̀ tán.

Nígbà tó kàn mí,
mo ka lẹ́tà ara ògiri dé ìlà ìkẹyìn,
èyí tó tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ èèrà.
Mo kà á láìkọsẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ẹ kú ojú."
Mo ti ń wá bàtà mi.

Dókítà Zinsu ní kí n padà jókòó.
Ó gbé àgbọ̀n mi lé ẹ̀rọ, ó sì fi àwòrán hàn mí:
ìsàlẹ̀ ojú ọ̀tún, tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ,
ó rú sókè bí ẹní tí ọmọ kan sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.
Àtọ̀gbẹ ti lu iṣan kéékèèké.
Omi ń jò.

Mo ní, "Ojú tó ka ìlà ìkẹyìn, kí ló ń ṣe é?"
Ó na ìka mẹ́ta.

Abẹ́rẹ́, sínú ẹyinjú gan-an,
oṣù wọlé, abẹ́rẹ́ wọlé, títí omi yóò fi fà.
Mo rántí Láwàní, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi,
tó ta alùpùpù rẹ̀ nítorí ẹ̀kẹrin.
Ó ń ríran. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wò ó.

Iná lésà, kí wọ́n fi jó ibi tó ń jò.
Ìyẹn yé mi. Mo ń yọ́ òjé lójoojúmọ́.
Mo sì mọ̀ pé ibi tí òjé bá kán sí
kì í padà rí bó ṣe rí.

Ìka kẹta pẹ́ lókè kó tó sọ̀rọ̀.
"Ká máa wò ó."

Inú bí mi. Ká máa wo kí ni?
Ó ní ẹni tójú rẹ̀ ṣì dá bí tèmi,
bó dúró, tí wọ́n ń ṣọ́ ọ,
ojú rẹ̀ sábà máa ń bá ti ẹni tó gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kìíní dọ́gba.
"Àmọ́ dídúró kì í ṣe oorun, Bàbá.
Oṣù méjì, ẹ padà wá.
Ìlà kan péré tó bá bọ́ lọ́wọ́ yín,
abẹ́rẹ́ nìyẹn."
Ó sì bi mí, iye kóró ṣúgà tí mò ń jù sínú tíì.
Mo pa á mọ́ ọn lójú: méjì.
Ìyàwó mi wúkọ́.

Lánàá, ọmọkùnrin kan gbé aago wá,
ìkùukùu lábẹ́ gíláàsì, ó ṣì ń rìn.
Mo gbé e sétí, ó ń lù kì-kì-kì.
Mo ṣí i. Irin kì í wo ara rẹ̀ sàn.
Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀,
n kò sì bá a wí.

Láràárọ̀, kí n tó tú àpótí,
mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì,
mo ń wo wáyà iná tó gba iwájú ìsọ̀ mi kọjá.
Ó tọ́.
Mo tún wò ó. Ó tọ́,
àfi níbì kan, níbi tó tẹ̀ díẹ̀,
tí ẹyẹ kan bà sí.