Iye Lẹ́tà Kan

Igba náírà ni mo ń gbà lórí lẹ́tà dúdú,
ọ̀ọ́dúnrún bí ó bá jẹ́ pupa.
Pupa ni ọ̀dọ́mọkùnrin láti ọ́fíìsì ìlú ní kí n lò,
lára òpó kẹta, lábẹ́ afárá Kútọ̀,
kó ga, kí ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàrà lè rí i.
Ó na ìwé sí mi, ìwé tí wọ́n ti fi wé búrẹ́dì rí:
ENIKENI KO GBODO SUN NIBI.
Ìtanràn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún.
Tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta.

Mo ní, àmì ohùn ńkọ́?
Ó ní wọn ò fowó sí i.
Mo ní láìsí àmì, báwo ni wọ́n ṣe máa kà á?
Ó wo aago, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Àkàbà mi ń mì. Baba kan dìde lórí páálí,
ó ká aṣọ ìbora rẹ̀ sí mẹ́rin, ó gbé kẹ́tùlù lé e,
ó wá di àkàbà mú fún mi, n kò bẹ̀ ẹ́.
Ṣógbàmú lorúkọ rẹ̀. Rélùwéè ló ti fẹ̀yìn tì.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní Láfẹ́nwá
ló fi fìtílà pupa dá ọkọ̀ ojú irin dúró.
"Mo mọ pupa," ó ní. "Pupa kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀."
Odò Ògùn ló gbé ilé rẹ̀ lọ lóru Ọjọ́bọ̀ kan,
ògiri, bẹ́ẹ̀dì, àpótí tí ìwé owó ìfẹ̀yìntì wà nínú rẹ̀.
Ìyàwó wà lọ́dọ̀ àbúrò ní Ọwódé; yàrá yẹn ò gba ẹni méjì.

Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ ń bẹ lórí ìṣó, lára òpó tí mo ń kọ̀wé sí.
Mo kọ ọ́ yí i ká.

"Kí lò ń kọ?" Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́.
Mo ń purọ́ fún un títí mo fi dé GBODO,
lẹ́yìn náà mo sọ ọ́.
Kò bínú. Ó gbójú sókè, síbi tí mọ́tò ti ń sáré lórí wa.
"Àwọn tó sá fógun wá síbí, ilé ta ni wọ́n wọ̀?
Ihò òkúta. Wọ́n dáná síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀,
wọ́n wá fi ibi tí wọ́n sùn sọ ìlú lórúkọ.
Kọnkéré yìí ńkọ́? Òkúta tí wọ́n fọ́, tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ńtì.
Abẹ́ òkúta náà ni mo ṣì wà."
Ó húkọ́. Ó ní kí n rọra, àkàbà fẹ́ yọ̀.

Mo gba owó náà. N kò ní purọ́ èyí.
Owó ilé oṣù méjì ń bẹ lọ́rùn mi ní Ìsàbọ̀.
Ṣùgbọ́n ọ̀dà díẹ̀ kù nínú agolo,
kò tó lẹ́tà kan,
ó tó àmì.

Mo tún gun òkè. A ń sùn. A ń sun iṣu.
Mo fa ilà kan lórí U, lọ́fẹ̀ẹ́, mo fà á sọ́wọ́ ọ̀tún:
ENIKENI KO GBODO SÚN NIBI.
Baba sún mọ́ òpó, ó fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan,
ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu.
"Òfin ni," ó ní, ó sì tẹ́ páálí rẹ̀ padà.
"Wọ́n ní kí n má sún."

Wọ́n á wá. Mo mọ̀.
Ọkọ̀ ọlọ́pàá kì í dúró ka àmì.
Nígbà tí mo dé Sápọ́n, pupa ṣì wà léèékánná mi,
mo ti ọwọ́ bọ àpò,
mo ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta kẹrosíìnì.