Láti Ọwọ́ Ọ̀tún

Mọ́tò tòkunbọ̀ kan ló gbé e dé,
lábẹ́ àkísà tó ń rùn fún epo.
Bàbá wa ń tú ẹ́ńjìnnì l'Ọ́bàńtókò,
ó ju ìwé náà sí Lántórò: "Gbà, fi dáná."

Kò fi dáná.
Láti ọwọ́ ọ̀tún ló ti ṣí i,
bí ìyá àgbà ti í ka wàláà.
Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ẹkún ló gbọ́:
ọmọbìnrin kan lẹ́bàá ojú irin,
ojú rẹ̀ fẹ̀ bí àwo, ìràwọ̀ nínú méjèèjì,
òdòdó ń já lé e lórí, kò sígi.

Ọdún mọ́kànlá nìyẹn.
Lójú fèrèsé tó kọjú sí páànù Ìtokò tó ti dógùn-ún
Lántórò ń ya tirẹ̀:
ọmọ tó di ṣùkú, tó ń dúró de rélùwéè ní Láfẹ́nwá.
Ìyá wa ní, "Ta ló lójú báyìí nílẹ̀ Ẹ̀gbá?"
"Ẹni tó rí ohun tí ò lè sọ."

Èmi ni mò ń fi rúlà fàlà,
èmi ni mò ń gbé e lọ ṣe fọ́tòkọ́pì ní Sápọ́n.
Wọ́n ń kà á lábẹ́ tábìlì ní kíláàsì;
tíṣà gba mẹ́ta,
ó dá méjì padà.

Lálẹ́, ó ń fòrí ra ọrùn ọwọ́.
Ó ní ṣé ẹni tó ya tàkọ́kọ́ ṣì wà,
ṣé ọwọ́ ń ro òun náà.
Orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé, a ò mọ̀ ọ́n kà.
Lántórò ń yà á bó ṣe rí,
kékeré, sígun ojú ìwé tó kẹ́yìn,
bí ẹni ń kí ará ilé kejì.