Afẹ́fẹ́ Ni Mo Ń Tà

Afẹ́fẹ́ ni mo ń tà ní Alákìá, n'Íbàdàn,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà tí bàálù ń bà sí.
Ẹnikẹ́ni kò bi mí léèrè ìwé ẹ̀rí rí
kí n tó fẹ́ táyà rẹ̀.

Púráímárì karùn-ún ni mo bá a dé.
Bàbá mi kú, owó ilé-ìwé kú tẹ̀ lé e.
Màmá fà mí lé Ọ̀gá Tìámíyù lọ́wọ́:
"Sàláwátù rèé. Ẹran rẹ̀ tiyín, eegun rẹ̀ tèmi."

Gééjì ni ọ̀gá fi kọ́ mi ní ìṣirò:
ọgbọ̀n fún táyà iwájú,
márùndínlógójì fún tẹ̀yìn bí ẹrù bá wà ní bọ́ọ̀tì.
Ó ní, "Afẹ́fẹ́ kì í purọ́, Sàlá. Èèyàn ló ń purọ́ fún un."

Lọ́jọ́ tí bàálù ológun kọ́kọ́ kọjá lórí mi,
mo gbójú sókè, mo gbàgbé ọwọ́ mi lórí ẹ̀rọ.
Táyà Alhaja Mòrílíkì bú gbàmù!
Ìgbátí tí mo jẹ lọ́jọ́ náà,
etí mi ọ̀tún ṣì ń kùn bí ẹ́ńjìnnì.

Sájẹ́ǹtì kan wá lẹ táyà lọ́sàn-án ọjọ́ kan.
Mo ní, "Ẹni tí ò kàwé, ṣé ó lè wa bàálù ogun?"
Kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà á gbọ́.
"Oníwèé ló ń gba iwájú wọlé,
ṣùgbọ́n ilé kì í níwájú kó má lẹ́yìnkùlé.
Gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́. Bá wa tún bàálù ṣe
títí òórùn epo rẹ̀ ó fi di òórùn ara rẹ.
Máa kàwé lálẹ́. Ìyókù…
n kò lè ṣèlérí ìyókù."
Mo na ṣéńjì sí i. Kò gbà á.

Bí mo ṣe dé kíláàsì alẹ́ ní Mónátàn nìyẹn.
Tíṣà Ògúnlérè béèrè ohun tó ń jẹ́ prẹ́ṣọ̀.
Gbogbo wọn wolẹ̀.
Mo dìde, mo sọ ọ́ ní Yorùbá,
tòun ti táyà, tòun ti ìgbátí.

Mo ti ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì gbé mi ṣubú.
Owó fọ́ọ̀mù kejì wà nínú agolo gíríìsì,
olè wo ló máa tọwọ́ bọ ibẹ̀?
Màmá ní, "Ọkọ ni kó o wá, kì í ṣe ọkọ̀."
Àmì ohùn kan péré ló wà láàárín méjèèjì,
mo sì ti kọ́ ọ ní kíláàsì alẹ́.

Lánàá, bàálù tún kọjá,
ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù ṣọ́ọ̀bù.
Táyà tírélà wà lọ́wọ́ mi:
àádọ́rùn-ún, márùndínlọ́gọ́rùn-ún…
Ọ̀gá Tìámíyù ń wò mí, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lókè.
N kò gbójú sókè.
Ojú mi ń bẹ lára gééjì.