Ọwọ́ Tí Wọ́n Kà

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní Luxor,
èmi, olùkọ́ mẹ́ta, ewúrẹ́ kan,
àti ọkùnrin kan tó gbé férémù fèrèsé kọ́ èjìká.
Odò Náílì ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀,
ó ń lọ bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ, tí ò fẹ́ ká kí òun.
Ní òdì kejì, oko ìrèké. Lẹ́yìn oko, aṣálẹ̀.
Ààlà àárín wọn ò fẹ̀ ju okùn bàtà lọ:
ẹsẹ̀ kan lórí ewéko, ìkejì nínú iyanrìn.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ka owó ní báǹkì.
Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n fún mi ní aago ògiri.
Mo ta aago náà, mo fi kún owó ọkọ̀ òfurufú.

Bashandi ló ń ṣọ́ ẹnubodè ní Medinet Habu,
galabíyà aláwọ̀ eérú, kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngbọ̀n ní ìbàdí.
Lárúbáwá ilé kéwú tí mo gbé wá láti ilé pa á lẹ́rìn-ín;
ó ní mo ń sọ̀rọ̀ bí òkú àtijọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.
Ó na ọwọ́ kí mi. Ọwọ́ náà ò pé:
ìka méjì ti bá ẹ̀rọ ìrèké lọ ní Armant.
Ilé iṣẹ́ sanwó ẹ̀, ó ní.
Kò dárúkọ iye.

Ògiri ńlá. Ọba ńlá. Kẹ̀kẹ́ ogun, ẹṣin, ọfà.
Mo ti ń yan án kọjá kí n tó rí òkìtì kan nísàlẹ̀,
mo pè é ní ẹja, mo tún pè é ní iṣu.
"Yad," ni Bashandi wí, ó gbé tirẹ̀ sókè, oníka mẹ́ta.
Ọwọ́. Ọwọ́ ọ̀tá tí wọ́n gé lójú ogun,
tí wọ́n kó jọ síwájú ọba kí ó lè mọ iye òkú.
Akọ̀wé kan ń kà, ẹnìkejì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo mọ ọrùn tó tẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Mo mọ ètè tó ń mì láìsí ohùn,
àti ìbẹ̀rù ìrọ̀lẹ́, kí ìṣirò má lọ fi ẹyọ kan dín.
Owó ni tèmi, ọwọ́ ni tiwọn,
àmì kékeré méjì lábẹ́ lẹ́tà ló là wá láàárín.
Èmi náà ò béèrè rí, lẹ́yìn káńtà,
ibi tí èyí tí mo ń kà ti wá.

Lẹ́tà ibẹ̀ jìn ju lẹ́tà lọ.
Kí ọba ẹ̀yìn má baà lè pa á rẹ́ ni, Bashandi ní.
Ológoṣẹ́ ti sọ wọ́n di ilé,
koríko gbígbẹ yọ lẹ́nu orúkọ ọba.
Wahiba, ọmọ ọmọ rẹ̀, rí ọmọ ẹyẹ kan nílẹ̀,
aláìníyẹ̀ẹ́, tó pupa bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tuntun.
Bàbá àgbà gbìyànjú, ọwọ́ rẹ̀ ò wọ ihò. Tèmi náà há.
Ọmọ náà gun òkúta, ó ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá,
ó dúró bẹ́ẹ̀, ojú dídì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lára ògiri,
nínú ògiri tó ń ka ọwọ́.

Ó pẹ́ kí ó tó fà á jáde.
Márùn-ún. Mo tún ìka rẹ̀ kà.

A mu tíì lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, dúdú, ṣúgà ju omi lọ.
Nígbà tí mo máa lọ, mo yọ owó láìkà á,
mo tẹ̀ ẹ́ sí i lọ́wọ́, inú mi dùn sí ara mi.
Bashandi kà á lójú mi, pẹ̀lú ìka mẹ́ta, ó yára.
Ó ku pọ́n-ùn kan, ó ní.

Lóòótọ́ ló kù.