Ìgò Méjì

Òru ọjọ́ Àìkú, wọ́ọ̀dù ọmọdé, Kàbà.
Nẹ́pà ti mú iná lọ.
Mo fi ẹnu di tọ́ọ̀ṣì mú,
mo na ọwọ́ sórí pẹpẹ oògùn.
Ìgò méjì: ìdérí pupa, ìdérí pupa,
wọ́n jọra bí ìbejì.

Mo ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ tán
kí ìyá Ọbaníyì tó sọ̀rọ̀ láti orí ẹní:
"Nọ́ọ̀sì, ṣé èyí náà lẹ fún un lánàá?
Ti àná funfun bí omi ògì."

Ọwọ́ mi dúró.
Abẹ́rẹ́ wúwo bí ọmọ odó.

Kò sẹ́ni tó rí mi. Mo lè dà á nù
kí n máa bá tèmi lọ.
Mo rántí Bọ́dúnrìn, tó jẹ́wọ́ lọ́dún ìjẹta,
tí wọ́n lé padà sí Ìsánlú tẹkún tẹkún;
láti ọjọ́ náà la ti ti àgádágodo mọ́ ẹnu.

Ilẹ̀ mọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé:
orúkọ mi, aago, àwọ̀ ìdérí.

Mátírọ́ọ̀nù Mẹ́dùbì kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.
Mo ti ń ka ọjọ́ tó kù fún mi.
Ó ní, "Òkun o."
Ó ní, "Ta ló to ìgò méjèèjì síbì kan náà?"
Gbogbo wa dákẹ́.
Gbogbo wa la tò ó.

A gbé ọ̀kan lọ sí àpótí ìsàlẹ̀.
Báyìí, tí mo bá ti gbé abẹ́rẹ́,
màá wo ojú ìyá ọmọ, màá ní:
"Mama, ẹ bi mí."

Ọbaníyì ń fi okùn fa agolo mílíìkì létí ògiri wa.
Kò mọ̀ mí.