Ọ̀kẹ́ Méje Máìlì

Ní Oulu, aago mẹ́ta ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú.
Mo jókòó sídìí tábìlì ìdáná ìyá mi,
mo ṣí kọ̀ǹpútà bàbá mi,
mo tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀:
orúkọ ajá kan tó ti kú lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn.
"Ẹ kú àbọ̀, Tauno Kärkkäinen," ni ilé iṣẹ́ bààlúù wí.
Wọn ò tíì gbọ́.

Ọ̀kẹ́ méje máìlì, ó lé díẹ̀.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣà á jọ
bí ẹni ń ṣa ẹ̀pà tó ṣẹ́kù lóko olóko.
Ẹ̀rọ agbéniròkè ló ń tún ṣe:
èyí tó há sí àjà kẹsàn-án ní Riga,
èyí tó ń ké bí ọmọ ológbò ní Warsaw,
èyí tó kọ̀ tí kò sọ̀ mọ́ ní Frankfurt
lọ́jọ́ tí mo pé ọdún méje.
Ó ń gòkè, ó ń sọ̀, ó ń gòkè.
Ẹsẹ̀ ìyá mi kò kúrò nílẹ̀ rí.

"Hilkka, ṣe sùúrù. Ó ń pọ̀ sí i.
Bó bá ti pé, màá mú ọ lọ wo ibi tí ọsàn ń so létí títì
bí iná Kérésì tẹ́nì kan gbàgbé láti tú."
Ó kù díẹ̀ kó pé, wọ́n yí òfin padà:
ohun tí ọ̀kẹ́ méjì ń rà lánàá,
ọ̀kẹ́ mẹ́ta ò rà á mọ́ lónìí.
Bàbá tún gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀.
Lóṣù kejìlá kan, ó fò lọ sí Rome,
ó mu kọfí kan ní pápákọ̀, ó fò padà lọ́jọ́ náà,
kí káàdì fàdákà rẹ̀ má baà di páálí lásán.
Ìyá mi bi í pé, "Rome ńkọ́?"
Ó ní, "Kọfí wọn dára."

Mo pè wọ́n. Mi ò dárúkọ ẹnì kankan.
Obìnrin kan tóhùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú ní:
"Máìlì kì í ṣe ogún, mà.
Ọjọ́ tí olóhun bá kú lohun náà kú."
Mo dúpẹ́, mo gbé fóònù sílẹ̀.
Àmọ́ nínú kọ̀ǹpútà yìí, bàbá mi ṣì ń mí,
ó sì fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Màlágà. Èèyàn méjì. Hilkka àti Sirkku.
Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ní,
ọ̀fẹ́ tó ń gba ọgọ́sàn-án Yúrò.
Mo san án, mo pè é ní owó ìtanràn irọ́ mi.

Ẹ̀rọ ti yan ìjókòó fúnra rẹ̀, bó ṣe mọ̀ ọ́n:
14C, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kó lè tètè sọ̀ lọ síbi iṣẹ́.
Ìyá mi ń wò ó láti ẹ̀yìn mi.
"Gbogbo ọgbọ̀n ọdún yẹn," ó ní,
"kò wo ìta rí?"
Mo yí i sí A.

Ó fi iwájú orí ti fèrèsé láti Helsinki lọ.
Àlejò tó wà ní C ti ń han-an-run ká tó gbéra.
"Sirkku, wò ó, yìnyín wà lókè náà."
Àwọsánmà ni. Mi ò sọ fún un.

Ọsàn ìgboro Màlágà korò bí ewúro.
Wọ́n kìlọ̀ fún un, ó bó o, ó jẹ ẹ́ tán,
ó fi èèpo rẹ̀ sápò kóòtù.

Lọ́sẹ̀ kejì tá a padà, lẹ́tà wọlé sínú kọ̀ǹpútà:
"Tauno, àárò yín ń sọ wá.
Ó ku ọ̀kẹ́ kan. Ẹ lò ó kọ́dún tó parí."
Mo ní, "Mọ́mì, ó tó ká sọ fún wọn báyìí."
Ó ń gé búrẹ́dì. Kò gbójú sókè.
"Má tíì sọ," ló wí.